Ta ló ro àmàlà yìí?

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé oúnjẹ òyìnbó ló jẹ́ kí aromọléegun mi rọlẹ̀. Rárá o.

N'Íbàdàn, gbogbo ará ilé ló di dókítà oúnjẹ. Màámi ní kí n yéé jẹ ẹ̀wà, àǹtí mi ní ẹyin ni, ìyá alágbo ní Bódìjà ní ẹran màlúù ni kí n sá fún. Mo sá fún gbogbo ẹ̀ títí mo fi rù kan eegun, síbẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀ ọmọ ìka mi á ti le gan-in, ó máa ń ju wákàtí kan lọ kí n tó lè de bọ́tìnnì. Diclofenac ni mò ń rà ní kẹ́mísìtì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìrora àti wíwú nìkan ló ń bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ro okà fúnra mi o! Àbúrò mi ló ń rò ó, wọ́n á gbé e síwájú mi.

Ìgbà tí mo dé Leeds nílùú ọba, dókítà ní ẹ̀wà ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ o, àwọn sójà inú ara mi ló kọjú ìjà sí oríkèé ara mi. Ó fún mi ní methotrexate, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn sójà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré, tèmi Mọ́ńdè ni (ẹni bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ṣeré), fítámì tí wọ́n ń pè ní folic acid wá ní ọjọ́ tiẹ̀, wọ́n sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mi wò torí oògùn náà lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àgbo tí màámi fi ránṣẹ́ ṣì fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò tíì jẹ́ kí màámi gbọ́.

Àwọn dókítà ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ọlọ́ràá, àṣé Títùs ọjà wa náà ni wọ́n ń pè ní mackerel! Oòrùn tó ń na wá lẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ńkọ́, ní wíntà ibí inú ike ni mo ti ń rà á, fítámì D.

Ibi tó dùn mí jù ni orógùn, torí èmi fúnra mi ni mò ń ro àmàlà níbí. Mo máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kó lè nípọn lọ́wọ́ mi, màá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, síbẹ̀ kókó ò ní ṣàìwà ńbẹ̀. Sátidé tó kọjá màámi rí i lórí fídíò kọ́ọ̀lù.

"Ta ló ro ìyẹn?"

"Èmi ni mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. O ò sáà tíì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀wà?"