Omi inú ìgò tí a bù ní Ìtòkú

Nínú ìròyìn tí a kọ ní ìparí iṣẹ́ ìwádìí kan tí mo bá wọn ṣe ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè bí ará ìlú ṣe kópa sí, iye èèyàn tí a sì kọ síbẹ̀ ni 42. Èmi ni mo kà á. Inú ìwé ìpàdé kan ṣoṣo ni mo ti kà á, níbi tí àwọn obìnrin aládìrẹ ti fọwọ́ síwèé tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, tí wọ́n gba mítípáì àti omi inú ike, tí kálukú sì padà sídìí aró rẹ̀.

Iṣẹ́ náà dá lórí omi aró tí wọ́n ń dà sí gọ́tà, àti ohun tó ń ṣe fún ọwọ́ àwọn tó ń fi í rẹ aṣọ. Ẹ̀lú àti eérú ni àwọn ìyá wa ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń rà lọ́jà ló gbòde, pẹ̀lú sódà tó ń jó ni lára.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, mo lọ ra àdìrẹ ìgbéyàwó ní Ìtòkú, ìyá kan lára àwọn tó wá sípàdé sì dá mi mọ̀. Ó ń fa aṣọ jáde nínú aró lọ́wọ́, aṣọ náà ṣì rí bí ewé tó ń pọ́n, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ ẹ̀lú lójú mi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, "Ọmọ mi, omi tí ẹ bù sínú ìgò lọ́jọ́sí, kí ni wọ́n rí níbẹ̀?" N kò mọ̀. Èsì rẹ̀ ti jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, èyí tí òun kò lè rí kà láìsanwó, ká tilẹ̀ ní ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wọn ojúṣe olùwádìí sí ará ìlú. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sapá jù níbẹ̀. Nínú ètò ìnáwó ìwádìí wọn tó ń jẹ́ Horizon 2020, èyí tó lọ láti 2014 sí 2020, ohun mẹ́fà ni wọ́n tẹnu mọ́: ìkópa ará ìlú, ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìtẹ̀jáde tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, àti ìṣàkóso. Iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní MoRRI sì gbé òṣùwọ̀n 36 kalẹ̀ láti fi mọ ibi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dé lórí wọn. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá kà rárá, kò sí ẹni tí yóò náwó lé e lórí. Àmọ́ ohun tó rọrùn láti kà ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ìwé: ìpàdé mélòó, obìnrin mélòó, àpilẹ̀kọ mélòó.

Èyí tó sún mọ́ ìbéèrè ìyá náà jù ni ohun tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Stilgoe, Owen àti Macnaghten, kọ ní 2013 lórí ojúṣe olùwádìí. Wọ́n ní kí olùwádìí ro ohun tó lè tẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ yọ, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó fa àwọn ẹlòmíràn mọ́ra, kí ó sì lè yí ọwọ́ iṣẹ́ padà nítorí ohun tó gbọ́. Ìkẹta ni 42 tiwa ń sọ, ìkẹrin ni a kò ní nǹkankan fún. Ní ìpàdé ọjọ́ yẹn gan-an, obìnrin kan dìde, ó ní kì í ṣe gọ́tà ni ìṣòro àwọn; ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pẹ́ ya, bó bá sì yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, aṣọ kò ṣeé fún dáadáa. A pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù, gọ́tà náà ni a sì ń bá kiri títí iṣẹ́ fi parí.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n mú òṣùwọ̀n wá, n ó ka iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí a bu omi lọ́wọ́ aláró àti ìgbà tí a sọ èsì rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, n ó béèrè ohun kan pàtó tí a yí padà nínú iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, kí a kọ òdo síbẹ̀. Ìlànà mẹ́wàá lórí bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ ìwádìí, tí wọ́n ń pè ní Leiden Manifesto, tó jáde ní 2015, sọ pé kí àwọn tí a ń wọ̀n láǹfààní láti yẹ ìṣirò náà wò. Olùwádìí ni wọ́n ní lọ́kàn. Èmi yóò fi aláró kún un: kí ìyá náà fúnra rẹ̀ wo 42 yẹn, kí ó sọ bóyá òun kópa. (Owó mọ́tò àtipadà lọ bá wọn kì í sábà sí nínú ìṣirò owó iṣẹ́, mo mọ̀, nítorí náà ni mo ṣe ní kí ó wọ inú òṣùwọ̀n.)

Mo tọ ọ̀gá tó darí iṣẹ́ wa lọ, ó sì fún mi ní èsì náà, mo kọ kókó rẹ̀ ní Yorùbá sí ojú ìwé kan. Ní ọjọ́ Sátidé, mo kà á fún ìyá náà lábẹ́ àtíbàbà: omi aró náà le ju ohun tí èèyàn lè máa ti ọwọ́ lásán bọ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òun ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ó gba ìwé náà, ó fi há ẹ̀gbẹ́ àpótí owó rẹ̀, ó wá bi mí pé ti ìbọ̀wọ́ ńkọ́.