Orúkọ Ọkọ Mi Ni Mò Ń Jẹ́

Nígbà tí mo ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí JAMB kò tíì dá mi lóhùn, màmá mi ní kò sí ọmọ àwọn tí yóò máa sùn di ọ̀sán ní Kubwa, Àbújá. Bí mo ṣe di ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ọsibítù nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìfẹ́ ọmọnìyàn ló gbé mi débẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò ju ká gbé káàdì kiri, ká fọ̀nà han èèyàn, ká sì ti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní ẹ̀wù funfun. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́, "Likita, sannu" ("Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́" lédè Háúsá) ni mò ń gbọ́ láti ẹnu géètì. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Mátírọ́ọ̀nù wa, ọmọ Kábbà tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, na fọ́ọ̀mù sí mi: "Gbé aláìsàn orí kẹ̀kẹ́ yẹn lọ síbi ẹ́síreè. Kíá!"

Ìyá àgbàlagbà kan ló wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ìborùn bo orúnkún, wọ́n lejú koko.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà, ara á yá o."

"Àmín, ọmọ mi."

Mo bá ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀nà náà jìn. Mò ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn wa, "Ẹ dúró o!", ṣùgbọ́n ta ni kì í pariwo ní ọsibítù? Màmá náà gbọ́, wọn ò wẹ̀yìn. "Rọra ọmọ mi, kòtò ń bẹ níbẹ̀ yẹn." Wọ́n tiẹ̀ ń juwọ́ sáwọn èèyàn bí ìyàwó gómìnà.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ya ẹ́síreè wo fọ́ọ̀mù, ó wo Màmá, ó tún wo fọ́ọ̀mù. Ó fi Háúsá bi wọ́n bóyá àwọn ló lorúkọ yìí. Háúsá tó já gaara ni Màmá fi dá a lóhùn. Àwọn tó ti ń ta aṣọ ní Jos kí Àbújá tó di olú-ìlú lọ́dún 1991!

"Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́."

"Wọ́n kọ ọkùnrin síbí."

"Àṣìkọ ni."

"Ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká yà."

"Ẹ kọ́kọ́ ya orúnkún ná."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí kò gbọ́ gbogbo èyí, sáré wọlé, ó bi Màmá ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn obìnrin níbẹ̀, torí ìtànṣán ẹ́síreè lè ṣe ọlẹ̀ inú níjàm̀bá: "Ṣé ẹ lóyún?"

"Lágbára Ọlọ́run."

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni Bàbá kan ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kan tọ, ọwọ́ lára ògiri, bàtà kan lọ́wọ́, òógùn nínú ọyẹ́.

"Ìyá Bọ́lá! Èmi ni mo já sí gọ́tà àbí ìwọ?"

"Ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ tọ̀, mo ní kí n sinmi díẹ̀ sórí ẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ pẹ́ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

"O ò gbọ́ ariwo mi ni?"

"Mo rò pé ẹlòmíì ni."

Wọ́n ya ti Bàbá. Eegun kò ṣẹ́, iṣan ló fà. Mo gbé wọn jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ẹ́ máa tì wọ́n lọ. Màmá wo bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ kejì ńkọ́?"