Kẹ́ ẹ tó ra bandsaw kékeré sí ṣọ́ọ̀bù ilé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé tàbí nínú gáréèjì, ọ̀rọ̀ bandsaw ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ rí bíi bẹ́líìtì, tó ń yí lórí wíìlì méjì. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn jù nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Òun ló máa ń bá wa gé ẹsẹ̀ àga àti orí bẹ́ẹ̀dì kó tẹ̀ bá a ṣe fẹ́, òun náà ló lè la pákó kan sí méjì kí ìlà igi méjèèjì bára mu. Kì í ju igi padà lu èèyàn bíi ti sákúlà, ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ rí róbótó, nítorí ìsàlẹ̀, sórí tábìlì, ni bíléèdì rẹ̀ ń fa igi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra èyí tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á. Pákó tẹ́ ẹ fẹ́ gé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kẹ́ ẹ béèrè bíléèdì, kó tó wá kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà, 9 íǹṣì, 10 íǹṣì, 14 íǹṣì, bí wíìlì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ. Àyè tó wà láàárín bíléèdì àti òpó ẹ̀rọ náà kì í jìnnà sí iye yẹn. Kò sọ fún yín bí igi tó máa gbà ṣe ga tó. Ẹ̀rọ 9 íǹṣì tó wọ́pọ̀ kì í gba igi tó ga ju bíi 3 íǹṣì ààbọ̀ lọ. 14 íǹṣì tó wọ́pọ̀ máa ń gba 6. Ẹ wá wo pákó 1 by 12 tí à ń rà ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró lórí ẹ̀gbẹ́ láti là á sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 12 íǹṣì ló ga. Méjèèjì ò lè gbà á. Àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sákúlà gé e sí 3 íǹṣì 3 íǹṣì, kẹ́ ẹ là wọ́n, kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan ìṣeré ọmọdé, fírémù àwòrán àti ẹsẹ̀ àga kéékèèké lẹ fẹ́ máa ṣe, 9 íǹṣì tó yín. Tó bá jẹ́ lílà igi ni olórí iṣẹ́ yín, ẹ ní sùúrù, kẹ́ ẹ tọ́jú owó de 14.

Iná ló kàn. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó bá ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà, torí iná wọn àti tiwa bára mu: 230 fóòtì, 50 hertz. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì àti 60 hertz ni. Tiransifọ́mà á dín fóòtì kù, àmọ́ kò lè yí hertz padà, hertz yìí ló sì ń pinnu bí mọ́tò ṣe ń yára tó. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìyára mọ́tò náà á lọ, ara rẹ̀ á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ. Àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ má gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Mọ́tò ẹ̀rọ 9 íǹṣì lè má ju 1/3 HP lọ, ìyẹn nǹkan bíi 250 wáàtì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún iye tó ń lò tó bá ti ń sá. Jẹnẹ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", tí kò tó kílówáàtì 1, á kàn máa kérora ni. Ẹ gbé jẹnẹ yín lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ra ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tan án níbẹ̀. Mọ́tò kékeré yìí á gé arère tó nípọn 3 íǹṣì láìjanpata. Igi apá tó nípọn bẹ́ẹ̀, ẹ má tì í, ẹ jẹ́ kó máa gé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bíléèdì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù. Bandsaw kọ̀ọ̀kan ló ní gígùn bíléèdì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ 9 íǹṣì ń lo 59 íǹṣì ààbọ̀, ọ̀pọ̀ 14 íǹṣì ń lo 93 íǹṣì ààbọ̀. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa rí gígùn yẹn rà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì ra mélòó kan pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, torí bíléèdì a máa já. Ẹnì kan lè sọ pé òun á bá yín gé lára bíléèdì ńlá ti ilé sọ́míìlì, òun á jó o pọ̀. Ẹ má gbà. Bíléèdì 59 íǹṣì ààbọ̀ tó ń sá 2,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan ń yí po nígbà 500 nínú ìṣẹ́jú yẹn: ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó tún ń tẹ̀. Irin tó nípọn ò lè fara dà á lórí wíìlì kékeré. Bíléèdì tó nípọn tó 0.014 íǹṣì ló bá wíìlì 9 íǹṣì mu. 14 íǹṣì lè gba 0.025.

Fífẹ̀ rẹ̀ náà ńkọ́? Èyí tó fẹ̀ ní 1/4 íǹṣì lè gé róbótó tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ nǹkan bíi 5/8 íǹṣì. 1/2 íǹṣì ń fẹ́ tó 2 íǹṣì ààbọ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ sára ẹ̀rọ 9 íǹṣì pé ó gba 3/8. Ó gbà á lóòótọ́, àmọ́ sípíríǹgì àti ara rẹ̀ kì í sábà lágbára tó láti fà á le dáadáa, bíléèdì tí kò bá sì le á máa yà kúrò lójú ìlà. 1/4 ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ti eyín, 3 nínú íǹṣì kan dára fún lílà igi, torí àlàfo ńlá ló ń kó lẹ́búlẹ́bú jáde. 6 fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. 14 fún plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí eyín tó wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà má dín sí mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fa ojú igi ya.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì. Rọ́bà tó wà létí wíìlì ò gbọdọ̀ ti sán. Bíléèdì gbọ́dọ̀ dúró láàárín rọ́bà yẹn láìrìn síwá sẹ́yìn. Ẹ fi ìka yí àwọn bẹ́ríǹ tó ń di bíléèdì mú lókè àti nísàlẹ̀ tábìlì. Ìsàlẹ̀ ni ìpata máa ń fara pamọ́ sí jù.

Ìrókò máa ń ní ohun funfun líle bí òkúta nínú nígbà míì, ó lè ba eyín bíléèdì tuntun jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò àti ti igi mansonia tún burú fún imú, awọ ara àti èémí. Ẹ bo imú yín. Ilé lẹ sì ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wà nítòsí. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bóyá ó ní ihò tí wọ́n lè ti páìpù fákúùmù bọ̀. Tí kò bá ní, ìta ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó, lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.