Àwòrán ni kó ṣáájú ọ̀bẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí kókó imú ọmọ mi

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi, ẹni ọdún 14, láti yọ kókó kan tó hù sí i nímú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọkùnrin tó ní irú kókó yìí mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ihò imú kan á dí, kò ní là mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Odindi ọdún kan ni a fi lo oògùn ọ̀fìnkìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mi lẹ́bi o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn kan náà ni wọ́n sì ń kọ fún wa.

Ní ọjọ́ burúkú náà, dókítà kan tanná sí imú rẹ̀, ó rí ẹran pupa kan, ó ní òun yóò gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Orí àga lásán ni ọmọ jókòó sí. N kò béèrè ohunkóhun. Bí irin ṣe kàn án ni ẹ̀jẹ̀ tú jáde ní imú àti ẹnu, ọmọ ń gbé e mì, ó ń bì í, gbogbo òwú tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nímú sì ń rin gbingbin. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tèmi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó máa dá?" Ẹnu mi kò gba ìdáhùn. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n ti ya àwòrán CT àti MRI, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya inú orí, tí wọ́n sì dárúkọ kókó náà: juvenile nasopharyngeal angiofibroma, kókó tó máa ń hù lẹ́yìn ihò imú àwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ egungun, kí ó wọ ihò ojú tàbí kí ó dé ìtòsí ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, àwọn iṣan náà kò sì ní ẹran tó lè fún wọn pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gé e wò. Ọjọ́ orí ọmọ, jíjẹ́ tó jẹ́ ọkùnrin, àti àwòrán náà ti tó láti dá a mọ̀.

Wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan lọ dí àwọn iṣan tó ń bọ́ kókó náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba ihò imú yọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: àwòrán ṣáájú ọ̀bẹ. Èkejì: bí imú ọmọkùnrin bá dí lápá kan, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ léraléra, ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ sì béèrè àwòrán. Ẹ̀kẹta kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, mo mọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá mú irin dání láìtíì ya àwòrán, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi kò dì í mú.

Wọ́n ti dá ọjọ́ MRI mìíràn fún wa, nítorí kókó yìí a máa hù padà bí ìyókù rẹ̀ bá ṣẹ́kù.