Ẹ mú oríkì dání kí ẹ tó ra epo sọ́kọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú ọ̀nà Orílé-Òwu

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìtàn ìdílé yín, tí ẹ sì ń múra láti wakọ̀ lọ sí ìletò tí àwọn baba ńlá yín ti ṣí kúrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná. Ohun tí ojú wa rí ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òwu Abẹ́òkúta ni wá. Kò sí ọmọ Òwu tí kò gbọ́ pé ọjà Apòmù ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, pé Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé dó ti ìlú wa títí wọ́n fi pa á run, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1834. Ohun tí a kò mọ̀ nílé wa ni ibi tí ẹ̀gbọ́n baba ńlá wa forí lé, nítorí pé kò bá wọn dé Abẹ́òkúta. Ìdí nìyí tí èmi àti ìyá mi fi gba Ìbàdàn kọjá, tí a dé Apòmù, tí a sì yà ní Gbọ̀ngán sí ọ̀nà Odéyínká àti Orílé-Òwu.

Ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé àga fún wa, wọ́n sì bu omi fún wa. Mo sọ orúkọ ìdílé wa, mo sì ṣí ìwé tí mo kọ ìran wa sí. Bí wọ́n ṣe rí bírò lọ́wọ́ mi báyìí ni gbogbo ojú yí padà. Baálé ilé náà ní, “Ilẹ̀ lẹ wá béèrè, àbí?” Mo ní rárá o, ẹbí la ń wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wá ṣáájú wí, lọ́yà ni wọ́n sì mú padà wá. Wọ́n pe ọmọ tó ń gbé omi bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì pé kó máa wọlé lọ. Ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kúnlẹ̀ kí àwọn tó lè bí, nítorí pé ọkọ ló kà wọ́n sí, síbẹ̀ wọ́n gbójú kúrò lára rẹ̀. N kò lè gbàgbé ìkúnlẹ̀ yẹn. Àwọn kan ti bi mí bóyá a kò ránṣẹ́ ṣáájú. A ránṣẹ́, a sì mú obì àti ọtí dání.

Ìyá mi ló yọ wá. Orí ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa, láti “ọmọ Asunkúngbadé” tí gbogbo Òwu ń jẹ́ dé orí èyí tó jẹ́ ti agbo ilé wa nìkan, obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí sì bá a parí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti jẹun, wọ́n sì ti fi ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n baba ńlá wa náà sí hàn wá.

Orúkọ ìdílé kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìgbà tí baba kan ṣe ìrìbọmi tàbí tó wọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀, ogun sì ti tú wa ká kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Báwo ni ẹ̀ka tó ti yà lọ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Oríkì ti wà ṣáájú ogun.

Ẹ lè kọ́kọ́ lọ yẹ àwọn ìwé àtijọ́ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) wò ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó wúlò. Ẹ máa lọ sí abúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà, torí ilé máa ṣófo. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ẹ máa nà sí baálé ilé tó ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bà á lẹ́rù, fóònù tí ẹ gba oríkì sí náà kò yàtọ̀ sí bírò. Ẹ kọ́ oríkì sórí. Ẹ má sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé nìkan. Àwọn àgbà ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n jù, nítorí àwọn ló ń fi í kí ọkọ àti ọmọ ọkọ láràárọ̀.