Halki, Níbi Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Sáré

Bí ẹ bá fẹ́ràn ariwo, ẹ má wulẹ̀ lọ sí Halki. Erékùṣù kékeré yìí wà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Rhodes, ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì tó 600. Kamiros Skala, èbúté kan ní Rhodes, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọ ọkọ̀ ojú omi. A ò tíì tàkúrọ̀sọ tán tá a fi gúnlẹ̀ sí Emborio, níbi tí ilé aláràbarà yí èbúté ká, tí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Nikolaos Mímọ́ sì ga fíofío láàárín wọn.

Kí la ṣe níbẹ̀? Ká sòótọ́, a ò ṣe nǹkan kan. A máa ń wẹ̀ ní etíkun Pontamos láàárọ̀, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kí òógùn tó bò ó. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Tó bá dọ̀sán, àwọn ará ìlú á ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á lọ sùn. Èmi tí mo ka oorun ọ̀sán sí ìwà ọ̀lẹ ní London, ńṣe ni mò ń hanrun. Lálẹ́, a máa ń jẹ makarounes, ìyẹn makarónì àfọwọ́ṣe tí wọ́n da àlùbọ́sà díndín àti wàràkàṣì lé. Kò ní ata, àmọ́ ó dùn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní ká gòkè lọ sí Chorio. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lọ, pé òkun ló gbé àwọn wá, kì í ṣe òkè. Mo bá dá lọ. Ìbẹ̀rù àwọn olè ojú òkun ló jẹ́ kí àwọn ará àtijọ́ tẹ ìlú náà dó sórí òkè. Ó ti dahoro báyìí: ilé tí kò lórùlé, ewúrẹ́, àti ilé olódi àtayébáyé lókè téńté.

Ọ̀nà tí mo gbà gùnkè gan-an ló wú mi lórí. Iṣẹ́ wíwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun láti já kànìnkànìn ni ọ̀pọ̀ ará Halki ń ṣe nígbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, púpọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Tarpon Springs ní Florida, wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà yìí, ó sì ń jẹ́ orúkọ Tarpon Springs títí dòní. Bí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa ṣe ń dáwó jọ nílùú òyìnbó náà nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, oṣù Kẹsàn-án dáa: omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, èrò sì ti ń dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ máa ń kó àlejò wá láti Rhodes, wọ́n á sì padà nírọ̀lẹ́. Ẹ má bá wọn padà o, ẹ gba yàrá kí ẹ sùn síbẹ̀.