Ooru ni kó ṣáájú wàrà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí títọ́jú ọmọ ajá tí kò lágbára

Bí ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí bá tutù, tó rọ jọwọlọ lọ́wọ́ yín, tí kò lè gbá orí ọmú ìyá rẹ̀ mú, ẹ má tíì wá wàrà. Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mo fi èyí ṣáájú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nítorí pé òun ni mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe sódì, láti Tánkẹ̀ níbí títí dé ilé wa ní Òmù-Àrán. Àánú ọmọ ajá á ṣe wọ́n, wọ́n á sáré po mílíìkì, wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á dà á sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Wọ́n á ní ebi ló pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ebi kọ́.

Nígbà ọyẹ́ ni abo ajá wa, Tantólọ́hun, bímọ. Ẹni tó bá ti sun Ìlọrin rí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ mọ bí òtútù ìdájí ṣe máa ń rí, tí ètè á là, tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kò ní ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, ó jìnnà sí ara ìyá rẹ̀. Àwọn yòókù ti rọ́ mọ́ ọmú. Kò ké rárá. Ọmọ ajá tó bá ń ké ṣì ní agbára díẹ̀ nínú. Èyí tó dákẹ́ tó sì tutù ni kó máa bà yín lẹ́rù.

Dókítà tó gbà mí nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin ló là á yé mi. Ara ajá tó ti dàgbà máa ń gbóná tó 38 sí 39°C. Ọmọ ajá kò tó bẹ́ẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 35 sí 37°C ni tirẹ̀, kò sì lè dá ooru ara rẹ̀ pèsè. Kò tilẹ̀ lè gbọ̀n. Bí òtútù bá mú àwa èèyàn, à ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn sì ń mú ara wa móoru. Ọmọ ajá kò ní in fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ara ìyá àti ara àwọn tí wọ́n jọ bí ni iná tó ń yá. Bí ooru rẹ̀ bá ti wá sílẹ̀ ju 35°C lọ, ìfun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wàrà tí ẹ bá fún un á jókòó síbẹ̀, á kan, ikùn á wú. Agbára àtigbé nǹkan mì náà á dín kù, wàrà á sì yà sí ọ̀nà èémí, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá kì í jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Bàbá kan wà ní Òmù-Àrán, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ti ń sin ajá kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní, "Sàlámátù, ọmọ tí ìyá bá tì sẹ́yìn, ìyá ti rí ohun tó rí. Fi í sílẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru ná." Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, òótọ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n sọ, torí ìyá máa ń mọ ọmọ tó ní àléébù nínú. Àmọ́ mi ò bá wọn lọ dé òpin. Òtútù ara ọmọ gan-an wà lára ohun tó ń mú kí ìyá tì í. Ọmọ tó tutù kì í ké, kì í wá ọmú, ìyá á sì máa ṣe sí i bí ẹni pé kò sí láyé mọ́. Mo fojú ara mi rí i tí Tantólọ́hun fi imú ti ọmọ yìí sẹ́yìn, tó sì tún lá a láti orí dé ìrù lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti móoru. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ìyá ti kọ ọmọ, ẹ mú ọmọ náà gbóná, kí ẹ dá a padà, kí ẹ wò ó.

Bí a ṣe ń mú un móoru nìyí. Ẹ má kánjú: ẹ jẹ́ kó gba wákàtí kan sí mẹ́ta. Ooru òjijì léwu fún ọmọ tó ti tutù, kò sì ní agbára láti sá kúrò nídìí ohun tó ń jó o. Ara èèyàn ló dára jù. Mo fi aṣọ tó mọ́ wé e, mo fi ọ̀já dè é mọ́ àyà mi lábẹ́ ìró, mo ń bá iṣẹ́ ilé mi lọ. Lẹ́yìn náà, mo gbé páálí kan, mo tẹ́ aṣọ sí i, mo rọ omi gbígbóná sínú ike, mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé ike náà, mo sì gbé e sí apá kan páálí. Apá kejì kò gbọdọ̀ ní ooru, kí ọmọ lè rí ibi wọ́ lọ bó bá ti gbóná jù. Ike tí ẹ kò fi aṣọ wé á bó o lára. Ibi tó ń sùn yẹ kó gbóná tó 29 sí 32°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lo gílóòbù, ẹ kíyè sí i: àwọn gílóòbù tí kì í jẹ iná tí gbogbo wa ń rà báyìí kì í gbóná tó láti ran ọmọ ajá lọ́wọ́. Èyí tó ní wáyà tó ń pọ́n nínú, irú ti àtijọ́, ni ó ń mú ooru wá. Ẹ̀wẹ̀, iná ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbọ́kàn lé lóru, nítorí náà ẹ máa pa omi gbígbóná mọ́ sínú fúláàsì kí ẹ tó sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ààrò èédú sínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì lè pa ajá àti èèyàn inú yàrá náà pọ̀.

Bí ẹ kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru ara, ẹ fi ìka yín tó mọ́ sí i lẹ́nu. Bí inú ẹnu bá tutù, kò tíì tó àkókò wàrà. Bí ẹ ti ń mú un gbóná, ẹ lè fi omi gúlúkóòsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kán èrìgì rẹ̀, ẹ̀kán kan tàbí méjì, kí ẹ fi ìka pa á. Ọmọ ajá kékeré kò ní ìpamọ́ ṣúgà lára. Bí kò bá mu ọmú fún wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ìyẹn náà sì wà lára ohun tó ń mú un rọ. Ìka kan náà ni ẹ óò fi mọ̀ bóyá ó ti ṣe tán láti jẹun. Bó bá fa ìka yín mu, inú yín á dùn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná tán tí kò sì fa ìka, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, torí rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n á fi gbé oúnjẹ dé ikùn rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ ọ.

Wàrà wo wá ni? Ti ìyá rẹ̀ ni, bó bá wà. Wàrà àkọ́kọ́ tó ń jáde lọ́mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ní ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ nìkan sì ni ìfun ọmọ lè gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí agolo kankan tó lè rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó àwọn tó lágbára kúrò fún ìgbà díẹ̀, mo fi wọ́n sínú páálí tó móoru, mo wá gbé èyí tó rẹ̀ sí orí ọmú ẹ̀yìn, níbi tí wàrà ti máa ń pọ̀ jù, mo sì dì í mú síbẹ̀. Mo fún ọmú náà díẹ̀ kí wàrà kán sí i létè. Bí àwọn tó kù bá ti yó tán kí tirẹ̀ tó kàn, kò ní rí nǹkan mu.

Ní Ìlọrin tiwa yìí, wàrà Fúlàní ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn. Àwọn ìyá tó ń gbé e wá láti Gáà ò ṣẹ̀ wá rí, àwa náà ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù kò dọ́gba pẹ̀lú ti ajá. Ọ̀rá àti èròjà amáradàgbà inú wàrà ajá ju ìlọ́po méjì ti màlúù lọ, ṣúgà inú rẹ̀ sì kéré sí ti màlúù. Ọmọ ajá tó ń mu wàrà màlúù lásán á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kò sì ní wúwo. Wàrà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá wà lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹranko. Òun ni kí ẹ wá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò sí ibi tí ẹ ti lè rí i, mílíìkì olómi inú agolo tí kò ní ṣúgà lè gbà yín fún ọjọ́ kan: síbí mẹ́rin rẹ̀ sí síbí kan omi tí ẹ ti sè. Ẹ ka ara agolo náà, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò tí wọ́n fi òróró rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fún un ní ògì, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní epo pupa. Ìyá Àmínà aládùúgbò mi gbé epo wá pẹ̀lú ọkàn rere. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, dókítà ní ká má fún un," wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo lò. Ọmọ ajá kì í dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mu wàrà bí ọmọ èèyàn. Ẹ jẹ́ kó fi ikùn lélẹ̀ lórí tówẹ́ẹ̀lì, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbi ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀, kí ó gbé èyí mì kí òmíràn tó dé. Wàrà náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ yín. Nípa ìwọ̀n, ikùn rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 4 lọ fún giráàmù 100 ìwúwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó wúwo tó giráàmù 250, mílílítà 10 ni òpin tirẹ̀. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó rẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló ń gbà kí ó tún tó jẹ, tọ̀sán tòru. Bí wàrà bá gba imú jáde, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ nu imú náà. Ẹ sì wo àjà ẹnu rẹ̀, bóyá ó là. Bí àjà ẹnu bá là, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń dún lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ló kù.

Àkókò ìrun ni mo fi ṣe òdiwọ̀n: àsùbáà, àìlà, àlàásárì, mọ̀gàríbì, ìṣáì, mo sì ń ki òmíràn bọ àárín wọn, fóònù ló ń jí mi lóru. Musulumi ni mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ń wo ajá láti òkèèrè. Mo ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, mo ń bọ́ ọ, mo ń fọ ọwọ́ dáadáa kí n tó ṣe àlùwàlá. Ní ilé kéú ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ànábì nípa ẹni tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi mu tí Ọlọ́hun sì foríjì í. Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ọmọ ajá kò lè dá tọ̀ tàbí ṣe ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lílá tí ìyá ń lá a nídìí ló ń mú un jáde. Bí ìyá kò bá ṣe é, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa nù ún lábẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ìtọ̀ tó pọ́n ń sọ pé omi ara rẹ̀ ti dín kù.

Ẹ máa wọn ọ́n lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe kéèkì lójú pópó wa. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwúwo ọmọ yẹ kó máa fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lójúmọ́, kí ó sì di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ojú lè tàn yín, òṣùwọ̀n kì í tanni. Ọmọ tí kò lé sí i fún ọjọ́ kan odindi ti ń ránṣẹ́ sí yín.

Tiwa yè. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yè, àwọn kan ti ní àléébù láti inú ìyá wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikú irú wọn dá yín lẹ́bi.

Ẹ má gbàgbé ìyá náà. Ẹ máa fọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá le, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, ó nílò ìtọ́jú. Bí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan, tó ń mí gùlegùle, kálísíọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ ní wàràǹṣeṣà, kódà bó jẹ́ òru. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí ojú rẹ̀ ti là, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn aràn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló ti gba aràn láti inú ìyá wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ rírọ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ti dìgbòlugi sì ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i.